Inú Ìwé Ta Ni Wọ́n Máa Kọ Orúkọ Rẹ Sí? Ìtàn Yíyan Ilé Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin

Tí èsì WAEC bá ti jáde, tí ti JAMB náà sì ti wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì a máa gba ilé kan ní Ìlọrin. Ẹ dé Tánkẹ̀, ẹ dé Gáà Akànbí, ẹ yà sí Ọjà Ọba, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ìyá á ní Unilorin lòun fẹ́, kí ọmọ òun gba dìgírì. Bàbá á ní ọdún márùn-ún ti pọ̀ jù, kó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì ti ìpínlẹ̀, kó tètè máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní London á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé èyí tó bá yá ni kí wọ́n mú, ìyókù á yanjú lọ́hùn-ún. Ọmọ fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń fọwọ́ yí fóònù, kò tíì sí ẹni tó bi í léèrè.

Ìbéèrè méjì ni wọ́n sábà máa ń bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó bá yá: níbo ni wọ́n ti gbà ọ́, èló sì ni owó wọn? A ò ní wọn ò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó dàgbà ju méjèèjì lọ, òun ló sì ti ń pààlà láàárín nọ́ọ̀sì àti nọ́ọ̀sì láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: inú ìwé ta ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ sí? Télọ̀ tó mọ iṣẹ́, aṣọ tó rán ló ń jẹ́rìí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè mọ abẹ́rẹ́ gún ju ẹnikẹ́ni lọ, bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àwọn tí òfin fún láṣẹ, òfin kò mọ̀ ọ́n sí nọ́ọ̀sì. Àwọn tó ni ìwé náà ló ń sọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà àti èyí tí wọn ò gbà. Ìwé orílẹ̀-èdè kan kì í sì í fìgbà gbogbo ka ti orílẹ̀-èdè kejì sí.

Kí ìwé tó dé, agbẹ̀bí wà. Ní Ìlọrin bíi ti ìlú Yorùbá gbogbo, àwọn ìyá àgbà ló ń gbẹ̀bí, àwọn náà ló ń tọ́jú abiyamọ títí tí ara rẹ̀ á fi mókun. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n ní sátífíkéètì. Ẹnu àwọn tí wọ́n ti gbẹ̀bí fún ni orúkọ wọn wà, ìyẹn sì tó.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ Ìlọrin padà ni ààlà tí àwọn òyìnbó fà. Ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun ìlú náà. Nígbà tó di ọdún 1900, wọ́n kó Ìlọrin mọ́ Àríwá Nàìjíríà, Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò jìnnà sí i rárá sì wà ní apá Gúúsù. Ìjọba òyìnbó ti ṣèlérí fún àwọn ẹ́míà Àríwá pé àwọn ò ní da ẹ̀sìn wọn láàmú, nítorí náà wọn ò jẹ́ kí àwọn míṣọ́nnárì rọ́ wọ àwọn ìlú tí ẹ́míà ń ṣàkóso bí wọ́n ṣe rọ́ wọ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ẹ má gbàgbé pé àwọn míṣọ́nnárì yìí gan-an ló gbé ọ̀pọ̀ ọsibítù àkọ́kọ́ wá, inú ọsibítù wọn sì ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti hù. Àwọn fadá Kátólíìkì ti dá ọsibítù Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1895. Dókítà George Green, míṣọ́nnárì Bàtíìsì láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1907, láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ọsibítù ńlá tó wà níbẹ̀ ti jáde, èyí tó di ti Yunifásítì Bowen lónìí. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní tiwọn ní Iléṣà. Àwọn SIM náà kọ́ ọsibítù sí Egbe, nílẹ̀ Yàgbà, tó jẹ́ ara Kwara títí di ọdún 1991 kó tó bọ́ sí Kogí.

Ẹ wò ó bí ó ṣe rí fún ọmọ Ìlọrin tó bá ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí nígbà náà. Ó ní láti kúrò nílé. Ibi tó sì ń lọ, àdúrà onígbàgbọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀. Fún ilé Mùsùlùmí, ìyẹn nìkan tó láti fi sọ pé rárá. Tí wọ́n bá tún wá gbọ́ pé obìnrin á máa sùn síbi iṣẹ́ lóru, á máa wẹ ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Abájọ tó fi jẹ́ pé láyé ìjọba òyìnbó, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù ìjọba, àwọn tí wọ́n ń pè ní dírẹ́sà, tí wọ́n ń fọ egbò, tí wọ́n sì ń di í. Nígbà tí a bá ń sọ lónìí pé iṣẹ́ obìnrin ni nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ àná ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjẹta.

Ìwé orúkọ dé lẹ́yìn náà. Òfin àwọn agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà, ní ọdún 1930, ti àwọn nọ́ọ̀sì tẹ̀lé e ní ọdún 1947. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ò tíì pẹ́ nídìí rẹ̀, torí ọdún 1919 ni wọ́n ṣe òfin tiwọn. Ṣáájú àkókò yìí, bí ọsibítù míṣọ́nnárì kan bá kọ́ ọmọ níṣẹ́, tó fún un ní ìwé, ìwé náà tó fún ọsibítù ọ̀hún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 1947 lọ, ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ni, ṣùgbọ́n káńsù ló ń fúnni lórúkọ. Ọmọ tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́ tí káńsù ò fọwọ́ sí, ó ti lo ọdún rẹ̀ lásán. Àwọn agbẹ̀bí pàápàá, ìpele méjì ni wọ́n pín wọn sí, Grade One àti Grade Two, ẹni tí ìwé rẹ̀ kéré ló ń bọ́ sí ìkejì. Agbẹ̀bí ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì ládùúgbò. Ìwé owó oṣù ló mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ní àárín àkókò yìí ni Kofoworola Abeni Pratt yan ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Èkó ni wọ́n ti bí i, ní ọdún 1915. Nọ́ọ̀sì ló wù ú láti kékeré, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ, nítorí pé ní ojú àwọn ọlọ́lá Èkó ìgbà náà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò yẹ ọmọ wọn. Ó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì di tíṣà. Ọkọ rẹ̀, Olu Pratt, oníṣẹ́ òògùn, lọ kọ́ ìmọ̀ dókítà ní London, ìyàwó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1946, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní ọsibítù St Thomas', ilé ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní ọdún 1860, tí gbogbo ayé nọ́ọ̀sì ń wò bí àwòkọ́ṣe. Ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Nígbà tí ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, NHS, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1948, ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Aláìsàn kan wà tó ní òun ò fẹ́ kí dúdú fọwọ́ kan òun. Ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò gbọ́.

Ọdún 1954 ló padà wá sílé, sí UCH, ọsibítù ńlá Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ lórí òfin ní ọdún 1952, tí wọ́n sì ṣí ilé tuntun rẹ̀ ní ọdún 1957. Ní ọdún 1964, ó di mátírọ́ọ̀nù UCH, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó máa jókòó sórí àga náà. Lẹ́yìn náà ló di ọ̀gá àgbà nọ́ọ̀sì fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ló ti kọ nípa ọgbọ́n rẹ̀ àti ìfaradà rẹ̀, a ò jiyàn. Ohun tí àwa rí níbẹ̀ ni pé ìwé tó gbà, kò sẹ́ni tó lè kọ̀ ọ́. Ìwé St Thomas' ni, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì. Lójú ìjọba tí òyìnbó ń ṣe nígbà náà, ta ló máa ní ìwé yìí ò tó?

Gbogbo ẹni tó lọ lẹ́yìn rẹ̀ kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ibí yìí la ti fẹ́ rọra sọ̀rọ̀, torí ìtàn tó yẹ kí gbogbo òbí tó ń ra fọ́ọ̀mù mọ̀ ni.

Láàárín ọdún 1950 sí 1970, NHS ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì. Wọ́n ń gbà wọ́n láti erékùṣù Caribbean, láti Ireland, láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Ọ̀nà méjì ló wà láti di nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Èkíní jẹ́ ọdún mẹ́ta, òun ló ń sọni di State Registered Nurse, SRN. Èkejì jẹ́ ọdún méjì, òun ló ń sọni di State Enrolled Nurse, SEN, ìpele ìsàlẹ̀ tí òfin ọdún 1943 dá sílẹ̀ fún àwọn olùrànlọ́wọ́. Ní wọ́ọ̀dù, aṣọ iṣẹ́ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Akẹ́kọ̀ọ́ SRN ni wọ́n ń pè ní student nurse, ti SEN ni pupil nurse. Ọmọ tó ń ka lẹ́tà ìgbàwọlé ní Nàìjíríà, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ògiri ló wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì? Nọ́ọ̀sì ló rí, ó dúpẹ́, ó di ẹrù rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tí ìwé wọn tó ti SRN ni wọ́n darí sí SEN. Àwọn kan ò mọ̀ títí wọ́n fi ń parí lọ. Àwọn mìíràn ò mọ̀ títí wọ́n fi wá iṣẹ́ tó ga díẹ̀, tí wọ́n wá sọ fún wọn pé ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ SEN kò lè di sísítà wọ́ọ̀dù. Èyí tó dùn wọ́n jù ni ti ẹni tó fẹ́ padà sílé. SEN kì í ṣe ìwé tí wọ́n kà sí ti nọ́ọ̀sì gidi nílé, kò sì sí bí a ṣe lè ṣàlàyé fún ìyá tó ti ń pe ọmọ rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì London láti ọdún pípẹ́ pé ìwé náà kò dé ibi tó rò. Àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ò padà wálé mọ́. Nígbà tó di bí ọdún 1990, Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pa ẹ̀kọ́ SEN rẹ́, wọ́n ń ní kí àwọn tó ti ṣe é wá kọ́ àfikún.

Ẹ ò ní rí ẹnì kan pàtó tó purọ́ fún àwọn ọmọ yìí, ìyẹn gan-an ló mú kó burú. Gbogbo ohun tí fọ́ọ̀mù sọ jóòótọ́. Ohun tí fọ́ọ̀mù ò sọ ló kó wọn sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Nílé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti ń wọ yunifásítì. Yunifásítì Ìbàdàn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ dìgírì nọ́ọ̀sì ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní ọdún 1965. Ti Ifẹ̀ tẹ̀lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ìlọrin náà ń yí padà. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1967, wọ́n sì sọ ọ́ ní Kwara lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1975, yunifásítì dé. Ní ọdún 1980, wọ́n dá ọsibítù ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, UITH, tó kọ́kọ́ ń lo ọsibítù ìjọba àti ilé ìgbẹ̀bí tó ti wà nínú ìlú kó tó kó lọ sí ọ̀nà Òkè-Òyì. Ìpínlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tirẹ̀, èyí tó ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí, ní Ìlọrin àti ní Òkè-Ode. Ọmọ Mùsùlùmí tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì kò nílò láti lọ sùn sí ọgbà míṣọ́nnárì mọ́. Ó lè ti ilé bàbá rẹ̀ lọ síbi ẹ̀kọ́, kó sì padà wálé wá kírun. Ìyípadà ńlá nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1979, òfin ológun kọkàndínláàádọ́rùn-ún da ìwé àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn agbẹ̀bí pọ̀ sábẹ́ káńsù kan ṣoṣo, èyí tí a mọ̀ sí NMCN lónìí. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀: káńsù kan, ìwé kan. Ọ̀nà méjì ló tún yọ jáde.

Ẹni tó gba ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ á lo ọdún mẹ́ta, á ṣe ìdánwò káńsù, á di RN. Tó bá fẹ́ ti agbẹ̀bí, á tún padà lọ kọ́ ọ. Ẹni tó gba yunifásítì lọ á lo ọdún márùn-ún, òun náà á ṣe ìdánwò káńsù kan náà, á sì ní dìgírì lé e. Inú ìwé kan náà ni orúkọ àwọn méjèèjì wà, wọ́n sì ń gba kọ́kọ́rọ́ àpótí òògùn lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ lọ bi wọ́n ní wọ́ọ̀dù wò. Ẹni tó ṣe ọdún mẹ́ta á ní àwọn ọmọ yunifásítì, ẹnu ni wọ́n ní. Ọmọ yunifásítì á dákẹ́, ó mọ̀ pé ìpele owó oṣù òun ga ju tiwọn lọ nígbà tí wọ́n gba òun wọlé. Níta ọsibítù, nǹkan tún le sí i fún RN, nítorí pé àwọn ibòmíràn ò mọ ibi tí wọ́n máa fi ìwé ọdún mẹ́ta yẹn sí. Kì í ṣe ND, kì í ṣe HND, kò mú un dé NYSC. Tó bá fẹ́ ka máásítà, ó ní láti kọ́kọ́ gba Direct Entry lọ sí yunifásítì tàbí kó lọ sí NOUN. Àìmọye nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ló ti jókòó ti ọmọ tó jáde ní sẹ́kọ́ńdírì lánàá, tí wọ́n jọ ń kọ nóòtì.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ìjọba àpapọ̀ ń gbìyànjú láti tún ṣe ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì di kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọ́n máa fúnni ní ND àti HND. NBTE wá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú káńsù, JAMB náà wọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń ra fọ́ọ̀mù, wọ́n á ṣe ìdánwò wọn níbẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ó parí. Ọmọ kan lè ra ti Ìlọrin, kó ra ti Egbe, kó ra ti Ògbómọ̀ṣọ́, kó máa retí èyí tó máa jẹ. Ní báyìí, ojú ibi tó fi ṣe àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń wò. Ìpinnu tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn èsì, wọ́n ní láti ṣe é kí èsì tó jáde.

Ní ti Unilorin, ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe jẹ́. JAMB ti kéde rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé òun ni yunifásítì tí àwọn ọmọ yàn jù ní Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì sì wà lára àwọn ẹ̀kọ́ tí èrò ti ń fún ara wọn pa níbẹ̀. Kírẹ́díìtì márùn-ún ló ń mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà lásán: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàòlọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Lẹ́yìn náà ni ìpín àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀: 45 nínú 100 fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ètò ẹ̀kọ́ wọn rẹlẹ̀. Kwara wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ ìkẹyìn yìí. Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu, àwa tí a mọ iye ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìlọrin ló tún ń ya lẹ́nu jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Kwara ní ẹsẹ̀ méjì nílẹ̀ níbi tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ gba máàkì kan náà ti ní ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ òbí ò mọ èyí. Wọ́n á sọ pé kò sí ẹni tí àwọn mọ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì lọ sanwó yunifásítì aládàáni.

A ò bá yunifásítì aládàáni jà. Al-Hikmah wà nílùú, òmíràn sì wà káàkiri ìpínlẹ̀. Tí owó bá wà, tí káńsù sì fọwọ́ sí i, ó dáa. Gbólóhùn kejì yẹn ni iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Káńsù kì í kàn fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́, ó máa ń sọ iye ọmọ tó lè gbà lọ́dún. Wọ́n á ka olùkọ́, wọ́n á wo yàrá ìdánrawò, wọ́n á wo ibùsùn tó wà ní ọsibítù tí àwọn ọmọ á ti kọ́ṣẹ́, wọ́n á wá dá iye kan. Lẹ́yìn tí ọmọ bá wọlé, ilé ẹ̀kọ́ á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí káńsù, òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ìndẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí kò bá ní ìndẹ́ẹ̀sì kò lè jókòó ṣe ìdánwò káńsù. Wàyí o, tí káńsù bá ní kí ilé ẹ̀kọ́ kan gba àádọ́ta, tó sì gba ọgọ́rin, ọgbọ̀n ọmọ ló ń jókòó nínú kíláàsì tí orúkọ wọn kò sí níbì kankan. Wọ́n ń san owó bíi tàwọn yòókù. Wọ́n ń wọ aṣọ funfun. Òmíràn á kọ́ ọdún kan, á kọ́ ọdún méjì, kí ó tó gbọ́ pé kíláàsì tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n máa kó òun mọ́. SEN kọ́ nìyí, ṣùgbọ́n ohun tí fọ́ọ̀mù ò sọ náà ni.

Èyí tó tún wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ti àwọn ọsibítù kéékèèké tó ń kọ́ ọmọbìnrin ní iṣẹ́ auxiliary, tí wọ́n á fún un ní ìwé lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Inú ìwé ta ni orúkọ rẹ̀ wà? Inú ìwé dókítà tó ni ọsibítù. Ọjọ́ tó bá kúrò níbẹ̀, ó kúrò nídìí nọ́ọ̀sì nìyẹn. A mọ̀ pé àìrówó ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ tó le. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá rò pé ọ̀nà àbùjá ló mú fún ọmọ rẹ̀, kí ẹnì kan bá wa sọ fún un.

Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti ń sọ ààyè tó wà ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù di 64,000 lọ́dún láti 28,000. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ìbéèrè tó kù ni bí olùkọ́ àti ibùsùn aláìsàn ṣe máa di ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀. A lè fi kálámù yí iye ọmọ padà lọ́jọ́ kan, wọ́ọ̀dù kì í hù bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí èrò fi pọ̀ tó báyìí kò fara sin. Nígbà tí ìyá Ìlọrin bá ń sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, apá kan ọkàn rẹ̀ wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ oṣù Kejì ọdún 2024 fi mi gbogbo ilé. Ní ọjọ́ keje oṣù náà, káńsù gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí àwọn jẹ́rìí ìwé rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní Nàìjíríà lẹ́yìn tó gba ìwé. Ní ọjọ́ kejìlá, àwọn nọ́ọ̀sì ti wà ní ojú pópó ní Àbújá àti Èkó, wọ́n ń fẹ̀hónú hàn. Káńsù ń wo ọsibítù tó ń ṣófo. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wo owó oṣù. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní ìtumọ̀, àwa ò sì rò pé mímú ìwé ọmọ dání ni ọ̀nà tó dáa jù láti dá a dúró sílé. Ohun tó hàn gbangba ni pé ẹni tó ni ìwé orúkọ tún ti sọ̀rọ̀, gbogbo ìṣirò tí wọ́n ti ṣe nínú pálọ̀ sì ní láti yí padà. Bàbá tó ní kí ọmọ lọ ṣe ọdún mẹ́ta kó tètè lọ, ó di dandan kó fi méjì kún un.

Nítorí náà, òbí tó bá ń mú ọmọ lọ wo ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin tàbí níbikíbi, kó tó béèrè owó, kó kọ́kọ́ lọ wò ó lórí ìkànnì káńsù bóyá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀. Tó bá wà, kó dojú kọ ẹni tó jókòó ní ọ́fíìsì ìgbàwọlé, kó bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mélòó ni káńsù ní kẹ́ ẹ gbà lọ́dún yìí, mélòó lẹ sì ti gbà?” Ibi tí nǹkan bá ti dára, wọ́n á fa ìwé yọ, wọ́n á fi hàn án. Ibòmíràn, wọ́n á bi í pé ta ló rán an níṣẹ́.